Thamesmead: apá wo ló máa bá yín lára mu? Ìfiwéra fún ẹni tó ń wá ilé ní gúúsù-ìlà-oòrùn London

Àbúrò mi obìnrin kan pè mí lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, inú ẹ̀ ń dùn gan-an. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, a ti rí ilé o, ní Thamesmead tiyín níbẹ̀ yẹn, yàrá mẹ́ta, gádìnì wà, ejẹ́ǹtì ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni sí téṣàn reluwé Elizabeth line." Mo ní kó fi póósíkóòdù ẹ̀ ránṣẹ́. Ìgbà tí mo wò ó, ẹ̀yìn Crossway lọ́hùn-ún ni, apá etí odò. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni lóòótọ́, tẹ́ ẹ bá ní mọ́tò tí ọ̀nà sì dá. Tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ni, ó lé ní ìdajì wákàtí, àbúrò mi yìí ò sì ní mọ́tò, náìtì ló ń ṣe ní Queen Elizabeth Hospital ní Woolwich, ọkọ ẹ̀ ń lọ Canary Wharf lójoojúmọ́, ọmọ méjì ló wà nílẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n jókòó kọ eléyìí nìyẹn. Àwa Yorùbá pọ̀ ní Thamesmead débi pé tẹ́ ẹ bá wọ 177 láti Peckham, kí bọ́ọ̀sì tó dé Plumstead ẹ máa ti gbọ́ "ẹ ẹ̀ ní pẹ́ rí mi" lórí fóònù èèyàn bíi mẹ́ta, torí Peckham, Deptford àti Camberwell lọ̀pọ̀ nínú wa ti kó wá, a ń wá àyè tí ọmọ lè sáré sí. Àmọ́ tá a bá ń júwe ibẹ̀ fún ara wa, gbólóhùn kan ṣoṣo la máa ń lò, "Thamesmead dáa" àbí "Thamesmead jìnnà", bíi pé ibì kan náà ni gbogbo ẹ̀. Kì í ṣe ibì kan náà rárá. Káńsù méjì ló pín in láàárín ara wọn, Greenwich lápá ìwọ̀-oòrùn, Bexley lápá ìlà-oòrùn, ilé tí wọ́n kọ́ ní 1968 wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kun ọ̀dà ẹ̀ wà níbẹ̀, ìṣòro kálukú sì yàtọ̀.

Kẹ́ ẹ tó wo ilé kankan, nǹkan tí mo máa ń ní káwọn èèyàn mi kọ́kọ́ wò nìyí. Àkọ́kọ́, báwo lẹ ṣe máa dé téṣàn, kì í ṣe lọ́sàn-án o, mo ní ní aago márùn-ún ìdájí àti ní aago mọ́kànlá alẹ́. Thamesmead gangan ò ní téṣàn. Látìgbà tí wọ́n ti ń gbèrò ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ pé reluwé máa dé, wọ́n tiẹ̀ fẹ́ kí ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ tó padà di Jubilee line gba ibẹ̀ kọjá, kò gba ibẹ̀. Ní báyìí ètò reluwé DLR ló wà nílẹ̀, pé kó kúrò ní Gallions Reach, gba Beckton Riverside, kó gba abẹ́ odò bọ́ sí Thamesmead, àmọ́ èmi ò ní í sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó torí reluwé tí ò tíì dé ra ilé. Téṣàn tó wà fún wa ni Abbey Wood àti Plumstead, bọ́ọ̀sì ló ń gbé ọ̀pọ̀ wa débẹ̀.

Ìkejì ni kọnkéré àbí bíríkì, àti ẹni tó ni ilẹ̀. Ìkẹta, kí ni wọ́n fẹ́ ṣe ládùúgbò yẹn lọ́dún mẹ́wàá sí i, ṣé wọ́n fẹ́ wó o ni àbí wọ́n fẹ́ kọ́ òmíì tì í. Ìkẹrin ni ọ̀rọ̀ omi, màá dé bẹ̀. Ti káńsù náà ṣe pàtàkì, àmọ́ kò tó báwọn èèyàn ṣe ń pariwo ẹ̀. Council tax Bexley, ìyẹn owó orí ilé, ga ju ti Greenwich lọ fún ilé tó wà nípele (band) kan náà, ẹ fi kún owó tẹ́ ẹ ń ṣírò.

Wàyí o, ìlú ọ̀hún fúnra ẹ̀. Àbàtà ni gbogbo ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, ilẹ̀ ilé iṣẹ́ ohun ìjà ìjọba tó wà ní Woolwich, ìyẹn Royal Arsenal, ni púpọ̀ nínú ẹ̀. GLC tó ń ṣàkóso London nígbà yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ láàárín 1960 sí 1970, àwọn onílé àkọ́kọ́ sì wọlé ní 1968. Ìkún omi 1953 ṣì wà lọ́kàn wọn, torí ẹ̀ ni kò fi sí yàrá nísàlẹ̀ nínú àwọn ilé àkọ́kọ́, gárééjì ló wà nísàlẹ̀, òkè lèèyàn ń gbé, wọ́n sì ṣe afárá ẹlẹ́sẹ̀ láti ilé dé ilé. Àwọn adágún àti kánáálì tẹ́ ẹ̀ ń rí níbẹ̀ kì í ṣe ẹwà lásán, àwọn ló ń gba omi tó yẹ kó wọlé tọ̀ wá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ téṣàn.

ABBEY WOOD

Kó tó di 24 May 2022, téṣàn kékeré kan báyìí ni Abbey Wood. Ọjọ́ yẹn ni Elizabeth line bẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú 11 lẹ máa fi dé Canary Wharf, tíréènì tó ń lọ London Bridge ṣì wà níbẹ̀ náà. Zone 4 ni fún owó ọkọ̀. Sainsbury's wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ téṣàn, àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké wà ní Wilton Road.

Ilé ibẹ̀, lápá gúúsù téṣàn, bíríkì àtijọ́ ni. Àwọn kan tiẹ̀ wà tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn òṣìṣẹ́ Royal Arsenal kọ́ láti 1900 títí di ìgbà ogun àgbáyé kìíní, Bostall Estate ni wọ́n ń pè é, ilé tó lágbára ni, báńkì kì í bá yín fa ọ̀rọ̀ mọ́géèjì lórí ẹ̀. Igbó Bostall àti àwókù Lesnes Abbey tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1178 wà lórí òkè níbẹ̀, ọmọ lè máa ṣeré.

Àbùkù ẹ̀ ò ju méjì lọ: owó ẹ̀ ló ga jù nínú gbogbo ibi tí mo fẹ́ mẹ́nu bà, yàrá ẹ̀ sì kéré. Iye tẹ́ ẹ máa fi ra yàrá méjì níbí, ó lè gba yàrá mẹ́ta fún yín ní Thamesmead North. Tó bá jẹ́ pé ẹni méjèèjì nínú ilé ló ń wọ tíréènì lọ síbi iṣẹ́, ó tó owó ẹ̀.

THAMESMEAD SOUTH, ÌYẸN SOUTHMERE ÀTI LESNES

Ibí ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù, torí ibí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ibí náà ni wọ́n ti ń wó o. Ìsọ̀rí méjì ni ilé tẹ́ ẹ máa bá níbẹ̀, ẹ má pa wọ́n pọ̀ o.

Ìsọ̀rí àkọ́kọ́ ni kọnkéré GLC. Ilé iṣẹ́ ni wọ́n dá sílẹ̀ sórí ilẹ̀ ibẹ̀ gan-an tí wọ́n ti ń rọ ògiri odindi, ìlànà àwọn ará Faransé kan tí wọ́n ń pè ní Balency ni wọ́n lò, wọ́n á wá fi kéréènì gbé ògiri tò ó bí ẹni ń to páálí. Ó yá, ó sì lẹ́wà lójú wọn nígbà yẹn, yàrá ẹ̀ tóbi ju ti òde òní lọ, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Àmọ́ òtútù ń wọnú ògiri yẹn, tí èémí àwọn tó wà nínú ilé, oúnjẹ tẹ́ ẹ̀ ń sè àti aṣọ tẹ́ ẹ sá sí yàrá bá kan ògiri tútù, ó di omi. Àtìbẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọ̀rinrin ti wà nínú ilé wọ̀nyẹn. Mo bá ọ̀rẹ́ mi kan kó ẹrù nínú ọ̀kan lọ́dún kan, ìgbà tá a fa kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lára ògiri, ẹ̀yìn ẹ̀ dúdú láti ìsàlẹ̀ dókè bí ìdí ìkòkò, kóòtù ṣọ́ọ̀ṣì ìyàwó ẹ̀ tó wà nínú ẹ̀ ti hu èbu funfun létí ọrùn. Ọmọ wọn kékeré ń wú ikọ́ ṣáá, bẹ́ẹ̀ Harmattan ò tiẹ̀ sí níbí rárá. Onílé wọn, ẹnì kan báyìí, ohun tó sọ ò ju pé kí wọ́n máa ṣí wíńdò.

Nítorí náà tẹ́ ẹ bá lọ wo irú ilé yẹn, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ fa kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ fọwọ́ pa igun ògiri tó kọjú síta. Ẹ gbóòórùn ẹ̀. Ọ̀dà tuntun nínú yàrá kan ṣoṣo, kí ló ń bò mọ́lẹ̀? Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ kọ́kọ́ bi báńkì yín bóyá wọ́n ń yáni lówó sórí irú kọnkéré bẹ́ẹ̀ kẹ́ ẹ tó náwó fún sọ́féyọ̀, báńkì míì ò ní í fọwọ́ kàn án.

Ọ̀rọ̀ wíwó tún wà ńlẹ̀. Peabody, ẹgbẹ́ tó ń kọ́ ilé tó sì ń fi í réǹtì, ló ni púpọ̀ nínú ilẹ̀ Thamesmead láti 2014, wọ́n ti wó Coralline Walk àti Binsey Walk tó jẹ́ ara ibi àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́, wọ́n sì ti gbèrò láti wó Lesnes Estate náà kí wọ́n tún un kọ́. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ti bínú sí i, àwọn tó ra fláàtì wọn lọ́wọ́ káńsù láyé Right to Buy ni inú ń bí jù, torí owó tí wọ́n bá gbà lórí fláàtì àtijọ́ lè má ra tuntun ládùúgbò kan náà. Èrò tèmi ni pé, ẹ lè réǹtì ní Lesnes tí owó ẹ̀ bá rọ̀ tẹ́ ẹ sì mọ̀ pé ẹ máa kó kúrò. Ẹ má rà á.

Ìsọ̀rí kejì ni àwọn fláàtì tuntun tó yí adágún Southmere ká, ní Cygnet Square, níbi tí ilé ìkàwé The Nest wà. Ibẹ̀ dáa, mi ò parọ́. Lọ́sàn-án Sátidé ẹ máa rí àwọn ìyá pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ọmọ létí omi, àwọn ẹyẹ ọlọ́rùn gígùn funfun yẹn á máa rìn gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ lórí omi, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì ń rìn lọ sí Abbey Wood láti ibẹ̀, Harrow Manorway lọ tààrà. Ilé náà gbóná, kò sí ọ̀rinrin.

Ibi tí owó ń gbà yọ́ lọ ni service charge, ìyẹn owó ìtọ́jú ilé àti àyíká ẹ̀. Shared ownership ni wọ́n fi ń ta ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀, ìyẹn ni pé ẹ ra apá kan, bóyá ìdá kan nínú mẹ́rin, ẹ wá ń san réǹtì lórí èyí tó kù, ẹ tún ń san mọ́géèjì lórí ìdá tẹ́ ẹ rà, service charge tún wà lórí gbogbo ẹ̀, èyí tí wọ́n lè fi kún lọ́dọọdún. Owó mẹ́ta nìyẹn nínú oṣù kan. Ẹ má wo iye tí wọ́n kọ sára páálí nìkan, ẹ ro ó pọ̀, kẹ́ ẹ sì bèèrè iye tí service charge jẹ́ lọ́dún mẹ́ta tó kọjá, tí ilé náà bá ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Mo mọ ìdílé tó jẹ́ pé tayọ̀tayọ̀ ni wọ́n fi wọlé, lẹ́tà service charge ọdún kejì ló jẹ́ kí màmá wọn tún wá iṣẹ́ kejì.

MOORINGS ÀTI CENTRAL

Káńsù Greenwich ni tibí. Ibí lèmi náà ti kọ́kọ́ gbé, nínú fláàtì kan tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, torí náà mo lè máa gbè é lẹ́yìn díẹ̀ láìmọ̀. Wọ́n kọ́ Moorings lẹ́yìn South, kò ga fíofío bí i tiẹ̀, ilé tó ní ọ̀ọ̀dẹ̀ àti gádìnì tiẹ̀ pọ̀ níbẹ̀. Ibi tí mo ti ní aládùúgbò jù láyé mi nìyẹn. Tí mo bá ti náìtì dé, ìyá àgbà Ìjẹ̀bú tó wà ní ìsàlẹ̀ ti sìn àwọn ọmọ mi pẹ̀lú tiẹ̀ lọ sí ilé-ìwé, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi rí.

Ọjà Central wà nítòsí, Morrisons ló tóbi níbẹ̀, ilé aago tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi yẹn, Deptford Dockyard ni wọ́n ti gbé aago àti ilé ẹ̀ wá. 177 ń ti ibẹ̀ lọ Peckham, tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra ẹja àti èlùbọ́ níbi tẹ́ ẹ ti mọ́ra, ó lé ní wákàtí kan, àmọ́ bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni. Plumstead High Street sún mọ́ jù ú lọ, ẹ máa rí ata rodo níbẹ̀. Lóru, bọ́ọ̀sì N1 ń bọ̀ láti àárín ìlú títí dé Thamesmead, torí Elizabeth line kì í ṣiṣẹ́ mọ́jú.

Ẹni tó bá fẹ́ ra fláàtì níbí, lease ni kó kọ́kọ́ bèèrè, ìyẹn iye ọdún tó kù tí fláàtì náà fi máa jẹ́ tiẹ̀. Ọ̀pọ̀ fláàtì tí wọ́n tà fáwọn ayálégbé láàárín 1980 sí 1990, lease ọdún 125 ni wọ́n fún wọn. Ẹ yọ ogójì ọdún ó lé kúrò nínú ẹ̀, ó kù bí ọgọ́rin. Tó bá ti ń lọ sábẹ́ 80, owó àtifi kún un máa ń fò sókè, báńkì sì ń bẹ̀rẹ̀ sí í fajú ro. Lọ́yà yín gbọ́dọ̀ bá yín wò ó, kí ẹni tó ń tà fi kún un kẹ́ ẹ tó sanwó.

Lẹ́yìn ọjà náà, lápá odò, ilẹ̀ ńlá kan ṣófo síbẹ̀. Thamesmead Waterfront ni wọ́n pe ètò ẹ̀, wọ́n fẹ́ kọ́ ilé tó lé ní 10,000 síbẹ̀, DLR yẹn ni wọ́n gbé e lé. Tó bá ṣẹlẹ̀, Central ló máa kọ́kọ́ jẹ àǹfààní ẹ̀, òun náà ló máa kọ́kọ́ jẹ eruku ẹ̀.

NORTH ÀTI APÁ ÌLÀ-OÒRÙN

Ilé bíríkì, òrùlé onígun, gádìnì níwájú àti lẹ́yìn, ààyè mọ́tò. Láti 1980 lọ sókè ni wọ́n kọ́ púpọ̀ nínú ẹ̀, lásìkò yẹn gbogbo èèyàn ti ń sá fún kọnkéré. Ibẹ̀ ni mo wà báyìí. Ọmọ mẹ́ta lè sùn láìfara kanra, mo gbin ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ sẹ́yìnkùlé, tó bá di oṣù July ó ń hù dáadáa.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Láìsí mọ́tò, ìyà ni. Lọ́jọ́ tí mọ́tò mi bàjẹ́ ní January, mo dúró de 229 ní bọ́ọ̀sì sítọ́ọ̀pù ní aago márùn-ún kọjá, atẹ́gùn tó ń bọ̀ látorí odò ń gba inú jákẹ́ẹ̀tì kọjá bíi pé mi ò wọ nǹkan kan, bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ ò dúró torí ó ti kún. Àwọn ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ibẹ̀ lọ́ bìrìkìtì, ibi kan á dá pa láàárín igi. Ọmọbìnrin tó ń ti iṣẹ́ bọ̀ lóru ò yẹ kó máa rìn ín.

Òórùn náà ńkọ́? Ilé ìfọ̀dọ̀tí-omi Crossness wà lápá ìlà-oòrùn, ibẹ̀ ni omi ìdọ̀tí apá gúúsù London ń lọ látìgbà tí ẹnjiníà Bazalgette ti ṣí ilé ẹ̀rọ ẹ̀ ní 1865. Ọjọ́ míì tí ooru bá mú tí atẹ́gùn bá yí, ẹ máa mọ̀. Kì í ṣe lójoojúmọ́. Ẹ lọ wo ilé yẹn lẹ́ẹ̀mejì, kí ọjọ́ kan jẹ́ ọjọ́ ooru.

WEST THAMESMEAD

Ti ibí ò gùn. Fláàtì àti ilé tó tuntun díẹ̀ ló pọ̀ níbẹ̀, lápá Gallions, ọgbà ẹ̀wọ̀n Belmarsh tí wọ́n ṣí ní 1991 wà nítòsí, ọ̀pọ̀ èèyàn ń sá fún ibẹ̀ torí ẹ̀, èmi ò rí ìdí ẹ̀, kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Àǹfààní ẹ̀ ni pé Plumstead àti Woolwich ló sún mọ́, Elizabeth line wà ní Woolwich náà, bọ́ọ̀sì 244 sì ń lọ tààrà sí Queen Elizabeth Hospital. Ṣọ́ọ̀ṣì àwa èèyàn dúdú pọ̀ nínú àwọn ilé iṣẹ́ tó wà ní Nathan Way, tẹ́ ẹ bá ń gbé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ẹ má retí ààyè mọ́tò lọ́sàn-án Sunday. Service charge ni wàhálà tibẹ̀ náà.

OMI, ILÉ-ÌWÉ, DEPÓSÍÌTÌ

Thames Barrier wà ní Woolwich, àwa sì wà nísàlẹ̀ odò sí i, torí náà ògiri etí odò ló ń gbà wá lọ́wọ́ omi, kì í ṣe Barrier. Ẹ fi póósíkóòdù wo ewu ìkún omi lórí ìkànnì ìjọba kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé. Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní Flood Re tó ń jẹ́ kí ìnṣọ́ráǹsì rọ̀ fún ilé tó wà níbi ewu, ilé tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn 1 January 2009 ò sí nínú ẹ̀. Ilé tuntun tó ń dán lè torí ẹ̀ gbówó ìnṣọ́ráǹsì ju ti àtijọ́ lọ.

Ilé-ìwé: mo mọ àwọn òbí tó ń sáré wá apá Bexley torí ilé-ìwé gírámà onídánwò mẹ́rin tó wà níbẹ̀, Greenwich ò ní ìkankan. Òótọ́ ni. Ọmọ Greenwich náà lè ṣe ìdánwò Bexley o, àwọn 180 tí máàkì wọn ga jù lọ ni àyè ti dájú fún, lẹ́yìn wọn ni bí ilé ṣe jìn tó máa ń wọ̀ ọ́ níbi tó pọ̀. Gbogbo ilé-ìwé yẹn, Bexleyheath, Welling, Bexley àti Sidcup ni wọ́n wà, Thamesmead sì jìnnà sí wọn. Ẹ má fi owó ilé ra ohun tí àdírẹ́sì ò lè fún yín. Nítòsí, Woolwich Polytechnic àti Harris Garrard wà ní Thamesmead, St Paul's tó jẹ́ ti Kátólíìkì wà ní Abbey Wood.

Fún ẹni tó ń réǹtì: láti 2019 ni òfin ti sọ pé ejẹ́ǹtì ò gbọ́dọ̀ gba owó fọ́ọ̀mù tàbí owó ṣíṣèwádìí lọ́wọ́ yín, owó tẹ́ ẹ fi dá ilé dúró kẹ́ ẹ tó gbà á ò gbọ́dọ̀ ju réǹtì ọ̀sẹ̀ kan, depósíìtì ò gbọ́dọ̀ ju ọ̀sẹ̀ márùn-ún fún ilé tí réǹtì ẹ̀ ò tó £50,000 lọ́dún. Ejẹ́ǹtì kan gba £150 "owó ìwé" lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìbàdàn, a lọ gbà á padà.

TA LÓ YẸ KÓ LỌ SÍBO?

Ẹ̀yin tọkọtìyàwó tí ẹ̀ ń wọ tíréènì, tí ò sí ọmọ púpọ̀, Abbey Wood, tówó ò bá ká a, fláàtì tuntun ní Southmere lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti ro owó mẹ́ta yẹn pọ̀. Ẹni tó ní ọmọ mẹ́ta àti mọ́tò, North, kó má wulẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé UK, tí ò mọ ẹnì kan, tó nílò ẹni tó máa bá a gbé ọmọ, Moorings, ẹ kọ́kọ́ réǹtì. Nọ́ọ̀sì àti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Woolwich, West. Àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn, ẹ má gba ilé GLC tó jẹ́ òkè ni gbogbo yàrá ẹ̀ wà, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó.

Àbúrò mi ti fi ilé Crossway yẹn sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yìí wọ́n fẹ́ wo fláàtì yàrá méjì kan ní West àti ilé kan ní Moorings. Mo ní kó má tẹ̀ lé ejẹ́ǹtì lọ nínú mọ́tò, kó parí náìtì ẹ̀ láàárọ̀ Thursday, kó wọ 244 láti ọsibítù fúnra ẹ̀ tòun ti oorun lójú, kó sì pè mí tó bá ti dé ẹnu ọ̀nà.